Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Tí Gergina Fẹ́ Wá

Nígbà tí Gergina Stamenova wọ ọ́fíìsì tí Yavor àti Radka ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní ìlú Ruse ní Bulgaria, Yavor ló dìde fa àga fún un. Aṣọ dúdú ni obìnrin náà wọ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan sórí tábìlì, ó kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ilẹ̀kùn ti tì, kó tó lanu.

"Ti ọmọ mi ni," ló wí. "Plamen. Gbogbo ohun tó kọ ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀."

Gbogbo Ruse ló ti gbọ́ nípa Plamen. Nígbà òtútù tó kọjá ni wọ́n yọ òkú rẹ̀ nínú odò Danube. Àwọn ọlọ́pàá ní yíyọ̀ ló yọ̀ lórí yìnyín etí odò.

"Ẹ kú àmúmọ́ra, mà," ni Yavor wí. "Kí lẹ fẹ́ kí n bá yín ṣe?"

"Ohun tí mo lè tẹ ọ̀rọ̀ kan sí, kó fi ibi tí Plamen ti kọ ọ́ hàn mí. Mi ò fẹ́ ka ìyókù. Àṣírí tirẹ̀ ni."

"Ọ̀rọ̀ wo, mà?"

"Ìyá."

Radka, tó jókòó sídìí tábìlì kejì, gbé ojú sókè.

"Láti ìgbà tí ìyá tèmi ti kú ni kí o ti bẹ̀rẹ̀," ni Gergina fi kún un. "Ohun tó kọ ṣáájú ìgbà yẹn ò ṣe nǹkan kan fún mi."

Iṣẹ́ kékeré ni. Kò sídìí fún Yavor láti dá gbogbo rẹ̀ kọ. Àwọn tó mọ kóòdù dáadáa ti kọ láíbìrì ìwákiri kan sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ á kàn so ó mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Láíbìrì náà á já gbogbo àkọsílẹ̀ sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, á sàmì sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, bí èèyàn bá sì bi í léèrè, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kàwé látòkèdélẹ̀. Yavor kọ́ ọ bí àwọn ará Bulgaria ṣe ń fi ìrù sí ìdí ọ̀rọ̀, kó lè gé ìrù náà dànù, kó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó kó gbogbo orúkọ ìkẹ́ tí ọmọ lè fi pe ìyá rẹ̀ sínú rẹ̀, kí ọ̀kankan má baà yọ́ kọjá.

Ó tẹ "ìyá". Kò sí nǹkan kan.

Ó rò pé òun ló ṣe àṣìṣe. Ó tẹ "bánítsà", oúnjẹ ìyẹ̀fun oníwàrà tí gbogbo ilé níbẹ̀ ń yan, ó sì jáde wọ̀ọ̀: *Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé bánítsà wá lónìí.* Ó tẹ "ẹ̀gbọ́n", ojú ẹ̀rọ kún. *Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wọ kóòtù. Ẹ̀gbọ́n mi ń yọ mí lẹ́nu pé kí n fẹ́yàwó.* Ó padà sí àwọn ọdún ìṣáájú. "Màmá" wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ: tòmátò màmá lábúlé, orúnkún màmá tó ń dùn ún, ìsìnkú màmá. Ìyá àgbà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó dàgbà lábúlé ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

"Kò dárúkọ ìyá rẹ̀ rárá," ni Yavor wí. "Ẹ̀gbọ́n ṣáá, ẹ̀gbọ́n ṣáá."

"Sọ fún un pé kò sí," ni Radka dáhùn.

"Kí n wá máa wo ojú ọlọ́fọ̀ sọ ọ́? Ó rọrùn lẹ́nu ẹ."

"Ìwọ náà ṣáà fẹ́ kí gbogbo ìyá tó wà ní Ruse máa gbàdúrà fún ẹ. Ọ̀rọ̀ òkú ò ṣeé tún kọ, Yavor."

"Ta ló fẹ́ tún un kọ?"

Nígbà tí Radka jáde lọ ra oúnjẹ, Yavor ṣí àkọsílẹ̀ náà. Ó fi gbólóhùn kan há àárín ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tí Plamen kú. Ó ní kí láíbìrì tún gbogbo rẹ̀ tò, ó sì dán an wò. Gbólóhùn náà nìkan ló jáde.

Gergina padà wá lọ́jọ́ kejì. Ó fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ó wá dúró.

"Bó bá ní kò sí, ṣé kò sí náà nìyẹn? Kì í fo nǹkan kan?"

"Kì í fò, mà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

*Ìyá mi ṣì wà láyé, mi ò sì tíì sọ fún un rí pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.*

Yavor ń retí omijé ayọ̀. Gergina fi ìka tọ gbólóhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó tún fi tọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ètè rẹ̀ ti funfun.

"Ó mọ̀," ló wí. "Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí mo bí i. Ìyá mi ló sọ ọ́ di ọmọ tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni Plamen mọ̀ mí sí. Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, pé yíyọ̀ ló yọ̀ lóòótọ́, kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ bọ́ sódò."

Yavor kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ṣe fún un, Gergina sì gbọ́ ọ dé òpin, ó fọwọ́ pa á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní, "Ọmọ dáadáa ni ẹ́, o fẹ́ purọ́ mọ́ ara rẹ kí èmi lè rí oorun sùn," ó sì gbé kọ̀ǹpútà náà jáde lọ.