Gíìgì Mẹ́jọ Tó Dámi

Bàbá àgbà Dámi ṣì wà láyé lọ́jọ́ tí ìyá àgbà mú Dámi lọ ra láptọ́ọ̀pù yunifásítì ní Bùkúrù.

"Màmá, mẹ́mọ́rì gíìgì mẹ́jọ àbí mẹ́rìndínlógún?" Ṣàíbù ọlọ́jà ń bèèrè. "Èyí ò ṣeé fi kún lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rà á o."

"Mẹ́rìndínlógún! Yunifọ́ọ̀mù ọmọ, ṣe la máa ń rán an tóbi kó lè dàgbà sínú ẹ̀."

"Mẹ́jọ tó mi, Màmá."

"Kai, ọmọ yìí! Tó bá ń wọ́ lọ́dún kẹta ńkọ́?"

Ìyá àgbà di ọwọ́ Dámi mú. Kò síbi tó lè sá gbà.

"Mẹ́jọ, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

Dókítà ti sọ fún Dámi ní kọ̀rọ̀ pé ọdún kan ṣoṣo ló kù fún un láyé.

Ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ parí ìdánwò ọdún kìíní ni Dámi kú.