Kọ́tìnì Pálọ̀

Ajá náà tún ń gbó mọ́ kọ́tìnì. Láti ọ́fíìsì ní Jabi ni òṣìṣẹ́ báńkì kan ti ń fi fóònù wo pálọ̀ rẹ̀ ní Life Camp, nípasẹ̀ kámẹ́rà tó gbé síbẹ̀. Kò sẹ́lòmíì nílé.

"Oyíndà, wò ó! Àyà mi ń já."

"Alángbá ni jàre," ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ dáhùn. "Ṣáà gbàdúrà sí i."

Ó tẹ fóònù kí ohùn rẹ̀ lè dé pálọ̀. "Baba, má jẹ̀ẹ́ kí aburú wọ ilé mi."

Ajá gbọ́ ohùn rẹ̀, ó dákẹ́.

"Àmín," ni Oyíndà wí.

"Àmín," ni ọkùnrin kan wí lẹ́yìn kọ́tìnì.