Akẹ́kọ̀ọ́ Kan Ṣoṣo Nínú Kíláàsì Òkúta

Ọjọ́ Ẹtì ni gbèdéke fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú kọ́ọ̀sì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, bàbá télọ̀ tó ti fẹ̀yìntì ti jókòó síwájú akọ̀wé yunifásítì, fọ́ọ̀mù wà lórí orúnkún rẹ̀, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ bí ẹni pé oníbàárà lè yọjú nígbàkigbà.

Akọ̀wé yìí kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹnu rẹ̀ ni kò ní ilẹ̀kùn. Ó wo èsì bàbá, ó mi orí. Nínú gbogbo kọ́ọ̀sì tó wà ní yunifásítì, ẹyọ kan péré ni bàbá yìí mú, ìyẹn ìmọ̀ òkúta, ó sì ti gba F nínú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Òfin ò sì fepo bọyọ̀. Ẹni tó bá yọ orúkọ rẹ̀ lónìí, W ni wọ́n máa kọ fún un, ìyẹn ni pé òun fúnra rẹ̀ ló kúrò, W ò sì pa ẹnikẹ́ni rí. Ẹni tó bá ní òun ò lọ, tó tún wá gba F lẹ́ẹ̀kejì, kó máa gba ilé lọ ni, kò ní lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ mọ́ láyé.

“Bàbá, mo rí máàkì tí ẹ gbà nínú ìdánwò kékeré yẹn,” ni akọ̀wé wí. “Ẹ tètè buwọ́ lu fọ́ọ̀mù yìí, kí n bá yín lu òǹtẹ̀. Ẹ sá àsálà.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. Òun náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òkúta ò yé òun. Nínú ìdánwò ọ̀hún, wọ́n to òkúta sórí tábìlì, wọ́n ní kí kálukú dárúkọ wọn. Bàbá gbé àkọ́kọ́, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé: òkúta. Ohun kan náà ló kọ fún gbogbo ìyókù. Gègé pupa ni olùkọ́ fi dá a lóhùn: “Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó.”

Ẹ jẹ́ ká má purọ́, olùkọ́ yẹn le. Màdáámú Àpáta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Kí èèyàn tó gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀, onítọ̀hún á ti hu ewú. Bí eyín ṣe ń yọ lẹ́nu arúgbó ni wọ́n ń yọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sì fojúure wo bàbá náà. Lọ́jọ́ tí bàbá kọ́kọ́ wọ kíláàsì, ńṣe ni ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́, àtìgbà náà, tó bá ti fẹ́ pe máàkì bàbá, pátákó ló máa ń kọjú sí.

Síbẹ̀ bàbá ò ráhùn rí. Òun ló ń nu pátákó kí olùkọ́ tó wọlé. Tí olùkọ́ bá gbàgbé ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé, bàbá á wúkọ́ díẹ̀ kí olùkọ́ lè rí àyè ronú. Á wo apá aṣọ olùkọ́, bó ṣe jókòó dáadáa sí èjìká, inú rẹ̀ á sì dùn. Láàárọ̀, tó bá ti ku díẹ̀ kí àwọn méjèèjì dé ẹnu géètì, bàbá á fẹ̀yìn ti igi kan kí olùkọ́ lè ṣáájú wọlé. Akọ̀wé ń rí gbogbo èyí láti ojú fèrèsé, ó sì ti túmọ̀ rẹ̀ fún ara rẹ̀.

Bàbá ṣí gègé. Ó bèèrè pé tí òun bá lọ, ta ló kù.

“Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣẹ́ kù,” ni akọ̀wé wí. “Tí ò bá sí ẹni tó ṣe ìdánwò ìparí, wọ́n á pa kọ́ọ̀sì náà rẹ́, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n èwo ló kàn yín níbẹ̀?”

Bàbá dé gègé padà. Ó ká fọ́ọ̀mù náà ní ìká aṣọ oníbàárà, ó tì í bọ àpò.

Akọ̀wé ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ má bínú o, bàbá. Ṣé ìyàwó yín mọ̀ sọ́rọ̀ yìí?”

“Ó mọ̀. Òun ló ń di búrẹ́dì tí èmi àti olùkọ́ ń jẹ lọ́sàn-án.”

Akọ̀wé lanu, kò sì rántí pa á dé. Irú ìyàwó wo nìyẹn?

Kí ẹ má rò pé bàbá ò gbìyànjú o. Ó ń lọ aṣọ, ó ń ka orúkọ òkúta sókè, títí aṣọ kan fi jóná. Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò pé, gbọ̀ngàn tó lè gba odindi ìlú ni wọ́n ní kó jókòó sí, òun nìkan. Alábòójútó kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ jí ìwé ẹnikẹ́ni wò, lẹ́yìn náà ló sùn lọ. Bàbá kọ gbogbo ohun tó mọ̀. Òkúta tó ń dán, ó ní ó jọ àrán. Èyí tó ní ìpele-ìpele, ó ní aṣọ tí wọ́n tẹ́ òmíràn sí nínú ni, àti pé ẹni tó rán an mọṣẹ́.

Nírọ̀lẹ́ tó ku ọ̀la kí èsì jáde, bàbá jókòó sídìí tábìlì nílé rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ fa téèpù ọrùn rẹ̀.

Màdáámú Àpáta gbé oúnjẹ jáde láti ilé ìdáná, ó rọra gbé e síwájú rẹ̀, ó ní, “Bàbá mi, ẹ má bínú, F náà ni,” ìyá rẹ̀, ìyàwó bàbá, tó ń gbé omi bọ̀ lẹ́yìn sì ní, “Kò sí wàhálà, èmi ló kàn, mo ti gba fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ tèmi.”