Àpótí Ẹnu Ọ̀nà Kíṣìnì

Ọmọ́tádé ń ṣe ọ̀ṣọ́ ilé fún àwọn olówó, pálọ̀ tirẹ̀ ló sì fi ń han oníbàárà. Kò sí àga kankan níbẹ̀ títí àlejò yóò fi wọlé. Nígbà náà ni ilé á pe ẹni náà bí Ọmọ́tádé ṣe máa ń pè é, àga tó bá yẹ onítọ̀hún á sì yọ láti inú ilẹ̀.

"Ìyáàfin Ṣówándé, ẹ káàbọ̀," ni ilé wí. Àga aláwọ pupa ńlá kan yọ. Obìnrin náà jókòó, ó ń fọwọ́ pa á lára.

"Irú èyí gan-an ni mo fẹ́."

Ilẹ̀kùn tún ṣí. Ìyá Ọmọ́tádé ló dé láti Ìkìrun, ó ru àpò gaàrí.

"Ìyá yẹn ti dé," ni ilé wí. Àpótí kékeré kan yọ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì.

Ìyá wo àpótí náà, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó. "Ó dáa náà. Kò kúkú jìnnà sí ìkòkò."

"Ṣé ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ilé ni?" Ìyáàfin Ṣówándé béèrè.

Ìyá kò wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó ń tú okùn ẹnu àpò gaàrí. Ojú ti Ọmọ́tádé débi pé kò mọ ibi tí yóò kọjú sí.

"Màámi ni," ló wí níkẹyìn. Ó yíjú sí ògiri. "Gbé àga wá fún Màámi."

Àga kankan kò yọ.

"Ẹ má bínú," ni ilé wí, "mi ò gbọ́ orúkọ yìí lẹ́nu yín rí. Ta ni Màámi?"