Rọ́bà Aboyún

Ọdún kejì lẹ́yìn òmìnira ni Olúyínká ra ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì pupa kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti relé. Èèyàn méjì péré ni ọkọ̀ náà ń gbà. Ó dàgbà ju òmìnira lọ. Ariwo rẹ̀ nìkan ni kò tíì tó ti òmìnira.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó wà á lọ sọ́dọ̀ Lazarus, mẹkáníìkì tó wà ní ìkóríta Adégbáyí.

“Bọ̀dá Lazarus, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá ti já sí kòtò, gbàù ni.”

Lazarus tẹ́ àpò sílẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

“Ọ̀gá, sítọ́pà yín ti jẹ tán.”

Sítọ́pà ni rọ́bà kúkúrú tó wà láàárín ara ọkọ̀ àti irin ẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ bá já sí kòtò, òun ní í jẹ ìyà náà, kí irin má baà gba irin.

“Ẹ wá èyí tó rọ̀ fún mi,” ni Olúyínká wí. “Aboyún ni yóò máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.”

Lábẹ́ ọkọ̀ níbẹ̀, Lazarus ní, “Halelúyà!” Ó gbé orí sókè láti fi ìdúpẹ́ kún un, irin sì gbà á níwájú orí.

Ó ní ìdí tó fi ń yọ̀. Ìjọ Aládùúrà kan náà ni òun àti Dorothy, ìyàwó Olúyínká, ń lọ. Olúyínká fúnra rẹ̀ kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì àfi bí wọ́n bá ń gbéyàwó níbẹ̀. Oyún mẹ́ta ló ti bàjẹ́ lára Dorothy. Ẹ̀kẹrin ti wá dúró, gbogbo ìjọ sì ń fi àdúrà dì í mú. Wòlíì ní kí ọ̀rọ̀ náà má jáde kúrò láàárín ìjọ títí òun yóò fi tú ẹnu Dorothy sílẹ̀. Lazarus kì í pa àṣẹ Wòlíì mọ́ ní ìdajì. Ó nu iwájú orí rẹ̀, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Oríṣi sítọ́pà mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ le. Ara táyà lọ́rì ni Lazarus ti gé e. Èkejì, tí wọ́n ń tà ní Gbági, kò le, kò sì rọ̀. Ẹ̀kẹta rọ̀ débi pé àtàǹpàkò lásán lè tẹ̀ ẹ́ wọlé.

“Báwo la ṣe máa mọ èyí tó dára?” ni Olúyínká bi í.

“Ẹyin ni yóò sọ fún wa.”

Wọ́n yá abọ́ ẹyin kan lọ́wọ́ Mùsílímátù tó ń tajà ní ìkóríta, wọ́n gbé e sórí àga kejì.

“Bàbá Mẹkáníìkì,” ni Mùsílímátù wí, “ẹyin ló wá ń gun mọ́tò òyìnbó báyìí? Èmi tí mò ń tà á, ẹsẹ̀ ni mò ń fi rìn. Èyí tó bá fọ́, ẹ ó rà á o!”

Àyè kò sí fún Lazarus, nítorí ẹyin ti jókòó. Ó ní kí Olúyínká gba ọ̀nà Alákìá lọ, níbi tí Olúyínká àti Dorothy ń gbé. Olúyínká ní rárá, ọ̀nà Akanran ni òun fẹ́ fi dán an wò. Lazarus gbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ tó bá ń ro ti ọ̀nà tó burú jù, ọkọ rere ni.

Sítọ́pà àkọ́kọ́ sọ ẹyin di ọbẹ̀. Wọ́n kó ẹyin mìíràn, èkejì sì fọ́ díẹ̀ nínú wọn. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀kẹta sí i, ẹyin lọ, ẹyin bọ̀, kò sí èyí tó sán. Inú Mùsílímátù nìkan ni kò dùn.

“Èyí gan-an ni,” ni Olúyínká wí.

“Ọ̀gá, ẹyin ò wúwo. Bí ẹni tó sanra bá jókòó, eléyìí á tẹ́ pẹrẹsẹ, irin á tún gba irin. Èkejì yẹn ni kí ẹ mú.”

“Ẹni tí mò ń wí kò sanra. Bí ìyẹ́ ni.”

Lazarus wò ó. Bí Dorothy bá jókòó sí etí kan bẹ́ǹṣì nínú ìjọ, ẹni tó wà ní etí kejì a dìde fúnra rẹ̀. Lazarus sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé ìfẹ́ kì í gbé òṣùwọ̀n dání. Ó de ẹ̀kẹta mọ́ ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, ó tún ọ̀rọ̀ náà rò. Oyún mẹ́ta ti lọ. Bí irin bá tún wá gba irin lábẹ́ ẹ̀kẹrin ńkọ́? Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ki sítọ́pà kejì bọ àpò, ó gun kẹ̀kẹ́, ó di Alákìá.

Dorothy ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà.

“Sístà, ọ̀gá dà?”

“Wọ́n ti lọ Akanran. Ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ̀ wọ́n, gbogbo Àbámẹ́ta, kòkó, kòkó.”

“Ṣé mọ́tò yẹn ò dà yín láàmú, sístà?”

“Èmi wo? Mi ò tíì fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí. Wọ́n ní ó ń gbọnni jù.”

Lazarus dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òun kò pẹ́ jù. Ó ki ọwọ́ bọ àpò láti yọ sítọ́pà náà jáde. Dorothy fa àpótí sún mọ́ ọn, ó wẹ̀yìn wò, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ jókòó, bọ̀dá, ẹ bá mi yọ̀. Wòlíì ti tú ẹnu mi sílẹ̀ láàárọ̀ yìí. Tí ọ̀gá bá ti Akanran dé lálẹ́, ìgbà yẹn ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé mo lóyún.”