Nọ́ńbà Fóònù Tí Wọ́n Fi Ra Igbó

"Mà, ṣé nọ́ńbà fóònù yín nìyí?"

Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti ìwé ọjà ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta igbó, tí nọ́ńbà fóònù wà lórí rẹ̀, sí iwájú Ernestine Archuleta.

Ernestine ń wò ó, ó ń fi ọwọ́ pa itan rẹ̀ tí ọkọ̀ ṣẹ́ ní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà sọdá títì ní Denver, ní Amẹ́ríkà.

"Tèmi ni."

"Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n fi í ra igbó. Aago mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ kọlù yín. Ṣé kì í ṣe igbó ló tì yín bọ́ síwájú ọkọ̀?"

"Igbó kò lòdì sí òfin níbí," ni agbẹjọ́rò Ernestine fi dá a lóhùn.

"Ọtí náà kò lòdì sófin, ọ̀rẹ́ mi. Ta ní ń sanwó fún ọ̀mùtí?"

Agbẹjọ́rò Ernestine bẹ̀rẹ̀, ó sọ sí i létí. "Ìyá, bí ẹ bá ní ẹ̀yin ni, owó gbà-máà-bínú yín lè wọmi. Bí ẹlòmíràn bá lo nọ́ńbà yín, ẹ dárúkọ rẹ̀."

Ernestine ti búra pé òótọ́ ni òun yóò sọ.

"Èmi ni mo rà á. Èmi náà ni mo fà á."

Níta, Janelle ọmọ rẹ̀ ń dúró láti gbé e lọ sílé.

"Màmá, kí ni wọ́n bi yín?"

"Ọ̀rọ̀ itan mi ni."

Ernestine kò fi igbó kan ẹnu rí. Janelle ní í máa ń fi nọ́ńbà ìyá rẹ̀ rà á, kí orúkọ tirẹ̀ má baà hàn sí ibi iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká yára, Màmá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń dúró de bọ́ọ̀sì tí mo ń wà."