Irin Ẹlẹ́sẹ̀ Kan

Ayàwòrán náà fi irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó máa ń gbé kámẹ́rà lé sílẹ̀ ní Ìkìrun, ó mú ẹlẹ́sẹ̀ kan lọ sí pápá bọ́ọ̀lù Inísà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ Òkukù kan kọsẹ̀ lára ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn létí pápá, ó ṣubú. Ẹlẹ́sẹ̀ kan kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ìkìrun gba ife. Wọ́n tò fún fọ́tò, balógun ikọ̀ wọn sì pariwo:

"Màmá Fọ́tò, ẹ wá dúró sáàárín wa! Ọdún mẹ́sàn-án lẹ ti ń yà wá, ẹ ò sí nínú ẹyọ kan."

Wọ́n ṣí àyè sílẹ̀. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó pè é sínú fọ́tò rí.

Ká ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, ì bá ṣètò kámẹ́rà kó dá yàwòrán fúnra rẹ̀. Ó fi irin ẹlẹ́sẹ̀ kan náà sílẹ̀ wò; ó ń ṣubú lọ. Ó tètè gbá a mú.

"Ẹ jẹ́ n bá yín dì í mú," ni rẹfirí wí.

"Kámẹ́rà ti já bọ́ lọ́wọ́ yín rí, ẹ má bínú," ni Màmá Fọ́tò fèsì. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ra, jàre!"

Wọn ò sún. Ó yà wọ́n bẹ́ẹ̀.

Fọ́tò náà wà lára ògiri rẹ̀. Àyè ẹnì kan ṣófo láàárín balógun àti aṣọ́lé.